Ohùn Bàbá Rẹ Lórí Ìtì Ngatu

Erékùṣù Vavaʻu,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a wa iṣu tán.

Lopeti ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù Auckland yẹn kò tíì wọ egungun rẹ? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ ojú omi àwọn baba wa gúnlẹ̀ láìfọ́ ni yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, yóò bá ọ ṣọ́ iṣẹ́ rẹ, yóò sì bá ọ ṣọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ tí mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù. Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé ọjọ́ tí ẹ pè mí, tí mo dìde kúrò lójú fóònù lójijì, kì í ṣe pé inú bí mi, aṣọ oko ló wà lọ́rùn mi, mo ní kò yẹ kí ìyá ọkọ pàdé ìyàwó ọmọ rẹ̀ báyẹn, mo wá lọ wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ró ẹní ọ̀wọ̀ mọ́ ìbàdí bí àṣà wa, ìgbà tí mo fi dé, ẹ ti lọ. Mo jókòó síwájú fóònù náà nínú ọ̀ṣọ́ mi títí oòrùn fi wọ̀, nítorí ẹ lè padà wá, kí ẹ má bàa bá mi nínú àkísà lẹ́ẹ̀kejì.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ abo bí mẹ́sàn-án, ó sùn lé ọ̀kan lórí, mẹ́jọ ló kù. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjì ṣí lọ, wọ́n ti fi páànù aláwọ̀ búlúù kàn án padà, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń rọ̀, a kì í gbọ́ ìwàásù mọ́, àwọn kan sì ti ń gbàdúrà fún òjò ní ọjọ́ Ìsinmi. Iṣu ọdún yìí dára, ó gùn, ó funfun. Orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀, kì í ṣe èyí tí o mọ̀, èkejì ni.

Lopeti, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè yìí, ọ̀rọ̀ kan ni mo ń sá fún. Nígbà tí o bi mí lóṣù tó kọjá pé báwo ni àpótí dúdú kékeré tí ohùn bàbá rẹ wà nínú rẹ̀, mo ní ó wà dáadáa, ó ń kí ọ. Irọ́ ni mo pa, èmi tí mò ń jókòó sórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara àpótí náà kò yá. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ yóò kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe orin. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ sọ sínú rẹ̀ fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú ni, nígbà tí wọn kò fún ọ ní ìwé àṣẹ ìrìnnà lásìkò. Tíṣà Melenaite, ọmọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní kọ̀ǹpútà, ló bá wa tẹ ohun tí a ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì bọ́ síta kí bàbá rẹ lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó tán, Tíṣà ní kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní ju kí ènìyàn mu omi lọ. Mo ní rárá o. Mo ní ọ̀rọ̀ baba sọ́mọ kì í ṣe ẹja tí a ń jù láti inú ọkọ̀ sí èbúté, kí Lopeti wálé ní Kérésìmesì, kó jókòó sórí ẹní, kó gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti sọ ọ́. Inú àpótí yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n tèmi kò dúró dẹ̀yìn, láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ti kásẹ́ẹ̀tì. O rántí Kérésìmesì ọdún kejì sẹ́yìn tí o wálé, tí o fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jókòó ti rédíò àtijọ́ bàbá rẹ, tí ò ń kó orin ọgbọ̀n ọdún tó fi darí ẹgbẹ́ akọrin kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí náà. Bàbá rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀ tó ìdajì wákàtí ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, nítorí ìjà iṣu tó wà láàárín yín, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá ṣáá, tó ń dúró, tó ń tẹ́tí. Nígbà tí ò ń lọ, o ní Màmá, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú èyí o. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí a bá ti gbọ́n gbogbo inú rẹ̀ tán, ṣé ó tún kù ju èèpo lọ ni? Mo gbà pé orin ti tán nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà bí omi ti ń tán nínú àgbọn, mo bá fa tẹ́ẹ̀pù inú wọn jáde, mo so ó mọ́ igi yí oko iṣu ká, kí ẹyẹ kalae má bàa máa hú u. Kò sì hú u lóòótọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, tẹ́ẹ̀pù á máa kọ mànà nínú oòrùn, á máa dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, èmi á sì máa yin ara mi pé n kò jẹ́ kí nǹkan ọmọ mi ṣòfò. Ìgbà tí Tíṣà Melenaite sọ fún mi pé orin ṣì wà lára wọn ní gbogbo àsìkò yẹn, pé àwòkọ lásán lo ṣe, òjò oṣù mẹ́rin ti rọ̀ lé wọn lórí.

Wàyí o, bí àpótí ṣe bàjẹ́. Aṣọ ngatu ìgbéyàwó rẹ la kóra jọ láti lù jáde lára èèpo igi, obìnrin mẹ́fà sídìí ìtì igi kan, bí a ti máa ń ṣe. O mọ ìtì náà, wọ́n gbé e lé òkúta méjì ní ìpẹ̀kun méjèèjì kó lè máa fò, torí ìtì tí kò bá fò, èèpo igi kò ní fẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ní níwọ̀n bó ti jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ là ń lù, kò yẹ kí Manase ọkọ mi má sí níbẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹní. Àpótí dúdú náà, mo gbé e sórí ìtì gan-an, ní ìpẹ̀kun lápá òkè, níbi tí àgbà tó ń darí iṣẹ́ ń jókòó sí, nítorí pé àyè ọlá nìyẹn, èmi kò sì lè gbé ọkọ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àwọn obìnrin máa fi aṣọ gbá a kọjá.

Orin kìíní lọ, ìkejì lọ. Ẹ̀rín ń sọ, òòlù ń bọ́ sórí ìlù orin, gbogbo wa ń sọ pé kò sí ngatu tí wọ́n lù báyìí rí ní Vavaʻu. Nínú orin kẹrin, níbi tí bàbá rẹ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ mú bẹ́ẹ̀sì nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Ó há bí ẹni tí egungun ẹja kọ́ lọ́fun. Lẹ́yìn náà àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ká, ká, ká. Àwọn obìnrin gbé òòlù wọn sókè, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n sáré pe Tíṣà Melenaite. Ó fetí sí i lẹ́ẹ̀kan, ó fa wáyà rẹ̀ yọ wéré. Ó ní Màmá, ẹ gbọ́ mi o. Ó ní àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú àpótí yìí tó ń yí, apá tín-ín-rín kan sì wà lókè rẹ̀ tí kì í fara kàn án, òun ló ń ka ohun tó wà lára àwo. Ó ní ká ní ẹnì kan kàn ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́ ni, tí àpótí ń yí jẹ́jẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń rí i, òun ìbá gbìyànjú rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń dún ká ká, tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n mọ́, a jẹ́ pé apá yẹn ló yẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún tan án, ṣe ló lè máa ha ohùn bàbá kúrò lára àwo. Ó ní pàápàá jù lọ, ohun tí kò bá sí níbòmíràn, a kì í fi í dánra wò. Kí a wé e, kí a má fọwọ́ kàn án mọ́, kí a fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ ní Auckland, tí wọ́n ń ṣí i nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀.

Kí ni mo wí? Mo ní ìwọ ọmọ àná yìí, tí èmi fọwọ́ mi gbẹ̀bí rẹ, ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ mi? Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí fún mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má tan án. Ẹ jọ̀ọ́ yẹn kò kúrò létí mi dòní. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ló tì mí. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí Auckland, ìwọ ni yóò gbà á, wàá sì bi mí pé báwo ló ṣe ṣe é, èmi yóò sì ní láti sọ pé èmi ni mo gbé e sórí ìtì.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Siupeli ọmọ àbúrò bàbá rẹ ní òun gbọ́ pé òtútù ló ń wo irú rẹ̀. Ó wé e sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó sin ín sáàárín yìnyín nínú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó gbé e lọ sí òkun fún ọjọ́ mẹ́rin. Àpótí lọ, àpótí bọ̀, kò sọ̀rọ̀, ẹja ló kàn ń rùn lára rẹ̀. Mo wá gbé e lọ bá Ìyá Lupe. Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o jábọ́ lórí igi àgbọn, tí apá rẹ yẹ̀, ta ló fọwọ́ ra á tó fi padà sípò? Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé apá ló yẹ̀ nínú àpótí. Ìyá Lupe ń fi òróró àgbọn ra ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú ewé. O mọ àṣà wa, aláìsàn tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó, a kì í já a gbà fún ẹlòmíràn, àfi tí ẹni náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àrùn yóò padà pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí Tíṣà Melenaite tún wá, tó ní ọkọ̀ ń lọ lọ́jọ́bọ̀, tó ní ẹ̀gbọ́n òun lè bá wa gbé e, mo ní ó ṣì wà lọ́wọ́ ìtọ́jú. Ọkọ̀ lọ. Òmíràn lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Èyí tó burú jù, n kò tíì sọ ọ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí n tó bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, mò ń fi wáyà sí i. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ Ìyá Lupe pàápàá, mò ń gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ abíyá lọ bá a níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò pé yóò kọrin. Ká ká ká yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. O rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń fi ahọ́n dún tí ẹnì kan bá ṣi orin, kó tó yọjú wo onítọ̀hún? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo ní ó wà níbẹ̀, inú ń bí i sí wa. Lopeti, ènìyàn tó ti ń dá jẹun láti oṣù kẹfà, ìbínú ọkọ rẹ̀ pàápàá á máa dùn mọ́ ọn. Mò ń fi èédú fa ìlà kọ̀ọ̀kan sára òpó fún gbogbo ìgbà tó bá ti dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni n kì í tan án, nítorí òfin ọjọ́ Olúwa. Nínú gbogbo wa, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló bá ọ tọ́jú àpótí náà bó ti yẹ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nílé Ìyá Lupe, ohùn rẹ̀ yí padà. Kò dún ká mọ́. Ó ń ha, bí ìgbà tí a ń fi irin ha inú àgbọn. Ọ̀rọ̀ Tíṣà sọ sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo mọ ohun tó ń ha. Mo fa wáyà yọ. Ìyá Lupe gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan, ó nu òróró ara rẹ̀ gbẹ, ó dá a padà fún mi. Ó ní Kalolaine, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Ó ní mo yọ̀ǹda rẹ̀, gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé kí ló wá ń ra láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ní ìwọ ni mò ń wò, o kì í jókòó sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti kú, àfi ìgbà tí o bá gbé nǹkan yìí wá. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi pé kò lè ṣe é. Ó ní ṣé o bi mí ni?

Mo lọ ró ẹní tó ya jù nínú ilé mọ́ ìdí, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì Tíṣà Melenaite lójú àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó sáré jáde, ó ní Màmá, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ìbá san. Ó gbé fọ́ọ̀mù àwọn oníṣẹ́ náà jáde, a jọ kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ ẹni tó ni ohun inú àpótí. Mo kọ Manase. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo kọ pé ọjọ́ àjíǹde, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti kánjúkánjú, kí wọ́n pe Lopeti. Ó béèrè ohun tó bà á jẹ́, ó ní kí n mú ọ̀kan: ó ṣubú, ó bọ́ sómi, iná jó o. Kò sí ngatu níbẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu, pẹ̀lú bí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀ tó ní Auckland. Ó béèrè iye ìgbà tí a ti tan án lẹ́yìn tó bàjẹ́. Mo padà sílé lọ ka òpó, mo kọ mẹ́rìnlélógójì. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti tún un ṣe, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, mo bá yí ìwé náà padà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, títí dé irú ẹja tó bá a sùn. Ó béèrè pé kí ni iye ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kọ akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tí ehín rẹ̀ ti yọ síta àti ngatu ńlá méjì. Tíṣà ní owó ni wọ́n ní kí a kọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní dín ọkọ mi kù.

Siupeli ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń lọ já èso lọ́hùn-ún, òun ni yóò gbé e fún ọ. Mo fi ẹyọ kan nínú ngatu ìgbéyàwó rẹ wé e, mo sì ká tẹ́ẹ̀pù oko mọ́ èèpo àgbọn, mo fi í sí i, bóyá wọ́n á rí nǹkan ṣe sí ìyẹn náà. Mo bẹ̀ ọ́, má fi wáyà sí i. Ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ì báà wù ọ́ tó bó ṣe wù mí. Gbé e lọ tààrà. Tíṣà ní wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀, wọ́n lè rí ìdajì, wọ́n sì lè má rí nǹkan kan, pé ká ní a fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ìrètí ìbá pọ̀ ju báyìí lọ.

Owó iṣẹ́ wọn pọ̀, ìgbà tí mo rí i, mo wá ibi jókòó. Mo ti ta ẹlẹ́dẹ̀ méjì, jọ̀ọ́ fi tìrẹ kún un. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi, torí èyí tí mò ń lò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni mo fi okùn so. Fi ẹran inú agolo mẹ́fà ránṣẹ́ fún àwọn obìnrin tó lu aṣọ rẹ. Fún Tíṣà Melenaite, ra bàtà tó dára, nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, má sọ fún un pé èmi ni.

Ó kù ọ̀kan. Bí wọn kò bá wá rí i ńkọ́? Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà, mò ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe pa á mọ́, ṣùgbọ́n mo ti pa á mọ́ jù. Ó ní Lopeti, iṣu kahokaho àkọ́so tí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, tí mo tìtorí rẹ̀ lé ọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin lójú gbogbo ìjọ, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn àká sílẹ̀. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀, ọ̀bẹ mi ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ó ní mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́la, ìwọ ti di ẹrù, ọ̀la yẹn sì di ọdún mọ́kànlá. Èmi náà kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ yìí. Lẹ́yìn náà ó fi ahọ́n dún, ká, ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣi orin. Ó ní bẹ́ẹ̀sì tí o máa ń bá òun kọ, kò sẹ́ni tó gba àyè rẹ̀, kí o gbọ́ ọ kí o má bàa gbàgbé. Ó sì kọ apá tìrẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọlọ́run tó mọ ibi tí ohun gbogbo sọnù sí yóò bá ọ ṣí ọ̀nà, yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ náà, yóò mú ìwọ àti ìyàwó rẹ wálé, kí ojú mi rí yín. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo ti kọ tán yìí, n kò fi nǹkan kan kún un. Orin yẹn ni n kò lè bá ọ kọ. Ohùn òkè ni tèmi láti kékeré, Lopeti, n kò dé ìsàlẹ̀ níbi tó wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kalolaine.